Bí báájì ṣe ń dé apá ọmọ Síkáòtù, àti iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀

Ẹni tó bá gba iwájú ilé ìwé kan kọjá l'Ádó tàbí ní Ìkéré lọ́sàn-án Sátidé, tó rí àwọn ọmọ tí wọ́n so síkáàfù mọ́rùn, tí ẹlòmíì ní báájì mẹ́fà méje lápá, tí ẹlòmíì ò sì ní ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé àwọn tí báájì wọn pọ̀ yẹn ló gba ipò kìíní. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò sẹ́ni tó ń gba ipò kìíní lórí báájì nínú Síkáòtù, ẹgbẹ́ ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí àwọn ọmọ yẹn wà. Ọmọ kan lè ní mẹ́wàá kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní méjì, kò ní kó ju ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ, torí ohun tí wọ́n fi ń wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan ni ibi tí òun fúnra ẹ̀ wà lóṣù tó kọjá. Ìdíje wà o, ó sì máa ń gbóná gan-an, àmọ́ àárín pàtẹ́rólù sí pàtẹ́rólù ni wọ́n gbé e sí, wọn ò gbé e sí àárín ọmọ sí ọmọ. Ẹni tí ibí yìí bá ti yé, gbogbo ìyókù á yé e.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ pàtẹ́rólù. Ọmọ bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ ni, wọ́n lórúkọ tiwọn, wọ́n ní fìláàgì tiwọn, ọ̀kan lára wọn sì ni olórí. Àtìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló ti wà bẹ́ẹ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún 1907 tí Robert Baden-Powell, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó dá Síkáòtù sílẹ̀, kó àwọn ọmọkùnrin bí 20 lọ sí erékùṣù Brownsea nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi dán ọgbọ́n yìí wò, àwọn ọmọ olówó wà níbẹ̀, àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ náà wà níbẹ̀, ó wá pín wọn sí pàtẹ́rólù mẹ́rin, ó pa ọmọ olówó àti ọmọ tálákà pọ̀ sínú ìkòkò ọbẹ̀ kan náà. Ọdún 1915 ni Síkáòtù dé Nàìjíríà, nígbà tó sì di 1961 ẹgbẹ́ ti Nàìjíríà wọ àjọ Síkáòtù àgbáyé. Kò ṣòro fún ará Èkìtì láti lóye ẹ̀, torí láyé àwọn bàbá wa náà, ọ̀pọ̀ ìlú níbí ló ní ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé àwọn tí wọ́n bí lásìkò kan náà ló máa ń wà nínú ẹ̀, àwọn ló ń ro ojú ọ̀nà, àwọn ló ń ṣiṣẹ́ ìlú, bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni iṣẹ́ wọn ń yí padà. Síkáòtù náà fi ọjọ́ orí pín ọmọ: àwọn kékeré ni Kọ́ọ̀bù tí lídà wọn, ìyẹn àgbàlagbà tó ń darí wọn, ń jẹ́ Akela, lẹ́yìn wọn ni Síkáòtù gangan, lẹ́yìn ìyẹn ni Fẹ́ńṣọ̀, àwọn tó ti ń di géńdé ni Rófà.

Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í gba nǹkan kan. Á kàn máa wá ni, á máa jókòó sínú pàtẹ́rólù, á máa kọ́ ìlérí, á máa kọ́ òfin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, á máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta kókó okùn àti bí wọ́n ṣe ń ká fìláàgì. Ìgbà tí olórí pàtẹ́rólù ẹ̀ bá tó sọ pé ó ti yá, ìgbà yẹn ni wọ́n á dá ọjọ́ tó máa ṣèlérí. Lọ́jọ́ náà gbogbo wọn á tò yíká, ọmọ náà á gbé ìka mẹ́ta sókè, ìka mẹ́ta yẹn dúró fún ọ̀nà mẹ́ta tí ìlérí pín sí, ìyẹn ojúṣe rẹ̀ sí Ọlọ́run àti orílẹ̀-èdè, ìrànlọ́wọ́ fún ọmọnìkejì, àti pípa òfin Síkáòtù mọ́. Àtàǹpàkò á sì borí ìka tó kéré jù, pé alágbára ló ń dáàbò bo ẹni tí ò lágbára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi síkáàfù sí i lọ́rùn, wọ́n á wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ o. Ibí yìí ni ojú àwọn òbí tó bá wá wò ó máa ń yí padà, wọn ò sì jẹ̀bi, àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, báwo lọmọ ṣe máa na òsì sí àgbàlagbà tí àgbàlagbà náà á sì gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín? Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ sí i ni pé nígbà tí Baden-Powell bá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dé Kùmásí lọ́dọ̀ àwọn Àṣáńtì, ní Gánà òde òní, láàárín 1895 sí 1896, olóyè kan níbẹ̀ na ọwọ́ òsì sí i, ó ní ọwọ́ òsì làwọn fi ń di asà mú, ẹni tó bá sì gbé asà ẹ̀ sílẹ̀ kó tó bọ èèyàn lọ́wọ́ ti fọkàn tán onítọ̀hún pátápátá. Lídà tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ máa ń ṣàlàyé ìyẹn fáwọn òbí kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, á sì tún kìlọ̀ fáwọn ọmọ pé láàárín Síkáòtù sí Síkáòtù nìyẹn mọ o, tẹ́ ẹ bá délé kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀, kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ fi gba nǹkan lọ́wọ́ bàbá yín.

Ẹ̀yìn ìlérí ni ìtẹ̀síwájú tó bẹ̀rẹ̀. Báájì tó wà pín sí oríṣi méjì, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Oríṣi kìíní dà bí àtẹ̀gùn, gbogbo ọmọ ló ń gun ún, ìpele sí ìpele ni, láyé Baden-Powell wọ́n ń pè wọ́n ní Tenderfoot, Second Class, First Class, orúkọ ti yí padà lọ́pọ̀ ibi àmọ́ ọgbọ́n ẹ̀ ò yí. Oríṣi kejì ni ti iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ìmọ̀ kan pàtó, ọmọ ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ yàn án: ìtọ́jú pàjáwìrì, oúnjẹ sísè, odò wíwẹ̀, àgbẹ̀, àwòrán yíyà. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni mú èyíkéyìí. Ní Amẹ́ríkà, bí àpẹẹrẹ, báájì oríṣi kejì yìí 21 ni ọmọ gbọ́dọ̀ ní kó tó lè di Eagle Scout, ìyẹn oyè tó ga jù fún ọmọ Síkáòtù níbẹ̀, kó sì ti parí ẹ̀ kó tó pé ọdún 18, ọdún 1912 sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fún ẹnì kan lóyè yẹn.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń dán ọmọ wò? Kì í ṣe ìwé ni wọ́n ń kọ. Ká sọ pé kókó okùn ni. Wọn ò ní sọ pé kó wá ta á lórí tábìlì kó sì máa lọ, wọ́n á gbé iṣẹ́ sílẹ̀ fún un, ẹ̀yìn iṣẹ́ náà ni wọ́n á bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ kókó yìí lo ta tí o ò ta tọ̀hún. Rífù nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń so báńdéèjì, torí pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í gún aláìsàn lára. Kílófù híìṣì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ di igi méjì pọ̀. Bólàìnì ní tiẹ̀, ojú okùn ẹ̀ kì í fún mọ́ èèyàn bó ti wù kí wọ́n fà á tó, òun ni wọ́n lè fi sábẹ́ apá ẹni tó já sí kòtò kí wọ́n fi fà á jáde. Ìlú tí kànga wà ní agboolé pọ̀ bí ibí yìí, ẹ rí i pé kókó yìí kì í ṣe eré ọmọdé. Ọmọ tó bá ta kókó tó máa ń fún sí i nígbà tó yẹ kó ta bólàìnì ti fẹ́ fún èèyàn pa nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti iná. Igi ìṣáná méjì péré ni wọ́n máa ń fún ọmọ láti fi dáná. Tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ó rọrùn, àmọ́ ẹ wá wò ó lóṣù keje tí òjò ti fi ọjọ́ mẹ́ta rọ̀, tí gbogbo igi ilẹ̀ ti rin gbingbin, ọmọ tó bá ti kọ́ ọ dáadáa mọ̀ pé ẹ̀ka gbígbẹ tó ṣì wà lórí ìdúró lòun máa ṣẹ́, á fi ọ̀bẹ bó èèpo tó tutù kúrò, á fá inú ẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ́, kó tó ronú àtiṣáná rárá.

Tí kò bá wá yege ńkọ́? Kò sí nǹkan kan. Wọn ò ní kọ ọ́ síbì kankan pé ó féèlì, á padà sínú pàtẹ́rólù ẹ̀, Sátidé mìíì á tún gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀melòó kan tó bá wù ú. Ẹni tó máa kọ́ ọ ò sì kí ń sábà jẹ́ àgbàlagbà, olórí pàtẹ́rólù tó fi ọdún kan tàbí méjì jù ú lọ ni, ìyẹn gan-an lè jẹ́ ohun tó dáa jù nínú gbogbo ètò yìí, torí ọmọ tó ń kọ́ àbúrò á rí i pé òun náà ò tíì mọ̀ ọ́n tó bóun ṣe rò, á padà lọ kọ́ ọ sí i.

Baden-Powell fúnra ẹ̀ ṣàlàyé pé báájì ò dúró fún bí ọmọ ṣe mọ nǹkan tó, ó dúró fún bó ṣe sapá tó kó tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo o. Ó túmọ̀ sí pé ọmọ tó ń kólòlò, tó wá fi oṣù mẹ́ta múra sílẹ̀ kó lè dúró níwájú èèyàn lálẹ́ kámpù kó pa àlọ́ kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin, báájì yẹn tọ́ sí i ju ẹni tí ẹnu ẹ̀ ti dùn láti ilé lọ. Ọmọ tí ẹsẹ̀ ń dùn ò ní rin ìrìn kan náà pẹ̀lú àwọn tó kù, lídà á wá ìrìn tó máa ná òun náà ní agbára dé ibi tó lè dé.

Àmọ́ ká má wá gba ọ̀rọ̀ yẹn sódì, pé ọmọ ṣáà ti gbìyànjú, ẹ buwọ́ lù ú. Ọwọ́ ẹni tó ń buwọ́ lu káàdì tí wọ́n ń kọ ìdánwò tí ọmọ yege sí ni gbogbo ẹ̀ wà. Tí lídà bá buwọ́ lu káàdì ọmọ mẹ́wàá lọ́jọ́ kan torí pé àlejò ńlá ń bọ̀ tí wọ́n sì fẹ́ kí aṣọ wọn kún, àwọn ọmọ yẹn ló ṣe ní jàǹbá. Ọjọ́ kan á dé tí ọ̀kadà máa gbé ẹnì kan ṣubú lójú pópó, tí ẹ̀jẹ̀ á máa dà, tí èrò á rí báájì ìtọ́jú pàjáwìrì lápá ọmọ náà, wọ́n á ní ẹ yà kí Síkáòtù ráyè, á débẹ̀, kò ní mọ ibi tó máa fọwọ́ tẹ̀. Kò sí ìtìjú tó tó yẹn fún ọmọ, ẹ̀bi ẹ̀ sì kọ́.

Báájì tó bá ti tọ́ sí ọmọ, kí wọ́n tètè fún un, Sátidé tó tẹ̀ lé e tó bá ṣeé ṣe, kó má di pé wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ de ìparí ọdún. Níwájú gbogbo wọn ni wọ́n ń fún un, wọ́n á sọ ohun tó ṣe kó tó gbà á, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ó parí. Àwọn àgbàlagbà náà ní tiwọn: lídà tó bá kẹ́kọ̀ọ́ Wood Badge, ẹ̀kọ́ tó wà fáwọn lídà, dópin máa ń gba ìlẹ̀kẹ̀ igi méjì tí wọ́n fi awọ so, 1919 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yẹn ní Gilwell Park nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tí ìdíje wà ni ká wá padà sí. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń yẹ pàtẹ́rólù wò: èékánná, bàtà, síkáàfù, ìgbà tí wọ́n dé, owó tí wọ́n ń dá lóṣooṣù. Wọ́n á kọ máàkì sójú pátákó. Ẹni kan ṣoṣo tó bá pẹ́ dé, gbogbo pàtẹ́rólù ló pàdánù, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí ọmọ márùn-ún tí wọ́n yà nílé ẹnì kẹfà wọn láàárọ̀, wọ́n á kí ìyá ẹ̀, wọ́n á bá a pọnmi kó lè tètè jáde. Àwọn olórí pàtẹ́rólù sì tún ní ìpàdé tiwọn pẹ̀lú lídà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu ibi tí wọ́n máa lọ ṣe kámpù, ẹni tó tó fún ìdánwò, ẹjọ́ tó bá wà láàárín àwọn ọmọ, lídà tó gbọ́n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀.

Kámpù ni gbogbo ẹ̀ ti ń pàdé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n ń lọ sí apá Ìkogòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn wá pàdé. Àwọn òbí á ti fọwọ́ síwèé, wọ́n á ti sọ fún àwọn àgbà ìlú tí wọ́n ń lọ, wọ́n á ti mọ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, àpótí oògùn á ti wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá débẹ̀, pàtẹ́rólù kọ̀ọ̀kan ló ń pa àgọ́ tiẹ̀, tó ń dáná tiẹ̀, tó ń jẹ oúnjẹ tiẹ̀. Tí wọ́n bá sì láwọn ò ní jẹ nǹkan míì ju iyán lọ, Èkìtì náà ni, kí wọ́n gún un, iyán ẹni mẹ́jọ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹnì kan á wá igi, ẹnì kan á bẹ iṣu, ẹnì kan á wà nídìí ọbẹ̀, wọ́n á máa gba ọmọ odó lọ́wọ́ ara wọn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe gbogbo ìyẹn ni lídà ti ń wo ẹni tó lè dáná, ẹni tó ń fọ abọ́ láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Báájì méjì mẹ́ta lè ti ibẹ̀ jáde kí ọmọ tó mọ̀ pé wọ́n ń dán òun wò.

Jáńbórì àgbáyé náà wà, ìyẹn kámpù ńlá tí àwọn Síkáòtù ti ń wá láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, London ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ lọ́dún 1920, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe é báyìí, ti ọdún 2027 wà fún Poland. Ó dáa kéèyàn lọ, àmọ́ owó ọkọ̀ òfuurufú ò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé, ìdí nìyẹn tí kámpù abẹ́lé yìí ò fi yẹ kó dín kù rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa padà sílé, wọ́n máa ń ṣe eré ipasẹ̀. Pàtẹ́rólù kan á ṣáájú gba inú igbó lọ sí ẹsẹ̀ òkè, wọ́n á máa to òkúta sílẹ̀ ní àmì: ọfà pé ibí ni kẹ́ ẹ gbà, igi méjì tó dábùú ara wọn pé ẹ má gba ibí. Àmì tó gbẹ̀yìn ni róbótó kan tí òkúta kékeré wà láàárín ẹ̀, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé mo ti lọ sílé. Àmì yẹn náà ló wà lára òkúta ibojì Baden-Powell ní Nyeri ní Kẹ́ńyà, níbi tí wọ́n sin ín sí nígbà tó kú lóṣù kìíní ọdún 1941. Àwọn tó ń tọpa á dé ìdí ẹ̀, olórí pàtẹ́rólù á ka àwọn ọmọ ẹ̀, tí wọ́n bá pé, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá á bẹ̀rẹ̀ á tú òkúta náà ká, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń tú ọfà kọ̀ọ̀kan ká bọ̀ láti ọ̀nà, kó má baà ṣi ẹlòmíì lọ́nà.