Àpótí tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó pa ara ẹ̀ lọ

Àpótí pákó kékeré ni, súwíìṣì kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tàn án, ọmọrí ẹ̀ á ṣí, ọwọ́ kan á yọ jáde látinú, á ti súwíìṣì yẹn padà, á wọlé lọ, ọmọrí á sì padé. Ó parí nìyẹn. Ẹ tún un tàn, á tún jáde wá pa á. Ọdún 1952 ni Marvin Minsky tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Princeton mú àbá yìí wá nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, ilé ìwádìí iléeṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Amẹ́ríkà, Claude Shannon ló wá kàn án, ó sì gbé e sórí tábìlì ẹ̀ lọ́fíìsì. Shannon yìí kan náà ló kọ iṣẹ́ ọdún 1948 nípa bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, tí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì tá à ń lò lónìí dúró lé o, ẹni tí ò ríṣẹ́ ṣe kọ́.

Téèyàn bá kọ́kọ́ rí i, á rò pé kọ̀ǹpútà kan wà nínú ẹ̀ tó ń pàṣẹ fún ọwọ́ yẹn. Rárá. Bátìrì, ẹ́ńjìnnì kékeré bíi ti ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé, súwíìṣì méjì àti wáyà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú súwíìṣì òkè lọgbọ́n wà. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, wọ́n wá so wáyà bátìrì mọ́ ọn ní àgbélébùú, tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá ti ì sápá kan, pọ́sítíìfù á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n bá ti ì sápá kejì, nẹ́gátíìfù ló máa lọ síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bátìrì sì rèé, tí iná ẹ̀ bá ti yí padà, òun náà á yí sẹ́yìn. Torí náà tọ́wọ́ yẹn bá jáde tó ti súwíìṣì, kò tíì paná o, ojú ló ń tàn wá jẹ, ṣe ló yí iná padà, ìyẹn ló sì ń fà á wọlé.

Ohun tó ń paná gan-an ni súwíìṣì kejì nísàlẹ̀ àpótí, tọ́wọ́ máa ń jókòó lé tó bá ti délé. Ọ̀nà àbọ̀ nìkan ni wọ́n ń so ìyẹn mọ́, ibẹ̀ ló sì máa ń dàrú mọ́ àwọn tó ń kàn án nígbà àkọ́kọ́ lójú, torí tí wọ́n bá so ó mọ́ ọ̀nà àlọ náà, ọwọ́ ò ní lè dìde láé, òun fúnra ẹ̀ ló jókòó lé iná ẹ̀. Súwíìṣì òkè náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ní spring, tó jẹ́ pé tó bá ti kọjá àárín báyìí á fò fúnra ẹ̀, èyí tó lè dúró láàárín á gé iná, ọwọ́ á wá há síta.

Ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 1950, Shannon ti ṣe eku kan, Theseus, tó ń wá ọ̀nà láàárín ògiri kéékèèké tó ní ojúlé 25. Lákọ̀ọ́kọ́ á máa forí sọ káàkiri, tí wọ́n bá tún gbé e padà, tààrà ló máa lọ. Eku yẹn ò mọ nǹkan kan! Òòfà ló ń wọ́ ọ kiri lábẹ́ pákó, relay, ìyẹn súwíìṣì tí iná fúnra ẹ̀ ń tì, bíi 75 ló sì ń fi sọ́kàn fún ojúlé kọ̀ọ̀kan, ibi tí eku gbà jáde kẹ́yìn.

Ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà níbi tí Shannon padà ti ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ Green Building, ilé gíga kan níbẹ̀, di Tetris, géèmù tí wọ́n ti ń to búlọ́ọ̀kù tó ń já bọ́ látòkè, lóṣù kẹrin 2012. Fèrèsé 153, ìlà 17, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, wọ́n fi iná LED sí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń gbàṣẹ láìsí wáyà, ẹni tó ń ta á wá dúró nísàlẹ̀ níwájú ilé. Tó bá pàdánù, gbogbo àwọ̀ tó wà lókè á já wálẹ̀.