Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni omi tó ti di oru, tó wà káàkiri nínú afẹ́fẹ́ tí ojú kò sì lè rí i. Ó ń wá láti ojú òkun, odò àti ọ̀sà, láti ara ewé, láti inú ilẹ̀ tó tutù, láti inú ìkòkò tó ń hó lórí iná àti láti ẹnu ẹni tó ń mí. Òun náà ló ń di ìrì, kùrukùru, àwọsánmà àti òjò bí afẹ́fẹ́ bá ti tutù tó. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọdún kan ṣoṣo ti tó láti rí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì: oṣù kẹfà tí aṣọ kì í gbẹ lórí okùn, àti oṣù kìn-ín-ní tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí ètè ń bó.

Wíwọn ọ̀rinrin

Afẹ́fẹ́ tó gbóná lè gbé omi ju èyí tó tutù lọ. Bí a bá bu afẹ́fẹ́ tó kún àpótí kan tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga, kò ní lè gbà ju nǹkan bíi gíráàmù 9 omi lọ ní 10 °C. Ní 20 °C, yóò gba nǹkan bíi 17. Ní 30 °C, yóò gba nǹkan bíi 30. Iye tí a ń gbọ́ nínú ìròyìn ojú ọjọ́, bíi 80%, kì í ṣe iye omi gan-an. Ohun tó ń sọ ni bí omi inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó lára gbogbo èyí tó lè gbà pẹ̀lú bí ó ṣe gbóná mọ ní àkókò yẹn.

Iye yìí máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ká ní afẹ́fẹ́ Ìbàdàn wà ní 23 °C ní ìdájí, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 95%. Bí oòrùn bá mú un dé 32 °C lọ́sàn-án, iye náà yóò wálẹ̀ sí nǹkan bíi 56%, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kán omi kan kò kúrò nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi sàn láti béèrè bí afẹ́fẹ́ náà yóò ṣe tutù tó kí ìrì tó bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, nǹkan bíi 22 °C ni, àárọ̀ ni o, ọ̀sán ni o.

Ìgò omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì ń fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Kì í pẹ́ lórí tábìlì tí omi fi ń bo ara rẹ̀, tí yóò máa ṣàn wálẹ̀, tí yóò sì fi òrùka omi sílẹ̀ níbi tó jókòó sí. Ìgò náà kò jò. Afẹ́fẹ́ tó fara kàn án ló tutù débi tí kò fi lè gbé omi rẹ̀ mọ́. Ní Kánò lásìkò ọyẹ́, irú ìgò kan náà lè wà lórí tábìlì kí ara rẹ̀ gbẹ táútáú.

Horace-Bénédict de Saussure, ará Geneva, ló fi irun orí ènìyàn ṣe ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin, ó sì tẹ ìwé jáde nípa rẹ̀ ní 1783. Irun máa ń gùn díẹ̀ sí i bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń rin sí i. (Obìnrin tó bá fi iná na irun rẹ̀ láàárọ̀, tí òjò wá ṣú lọ́sàn-án, ti mọ èyí láìsí ẹ̀rọ.) Ọ̀nà mìíràn tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń lò ni tẹmómítà méjì, tí wọ́n fi aṣọ tútù wé ìdí ọ̀kan. Bí omi bá ṣe ń fà kúrò lára aṣọ náà ni tẹmómítà yẹn ń tutù. Bí àlàfo tó wà láàárín méjèèjì bá pọ̀, afẹ́fẹ́ gbẹ nìyẹn.

Ojú ọjọ́

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ojú ọ̀run Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀kan ń fẹ́ láti orí òkun Àtìláńtíìkì, omi ló rù wá. Èkejì ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ó gbẹ. Ibi tí wọ́n ti pàdé máa ń lọ sókè sí ìhà àríwá títí di oṣù kẹjọ, ó sì ń padà wá sí ẹ̀bá etíkun ní oṣù kìn-ín-ní. Ìgbà tó bá kọjá wá sí gúúsù ni ọyẹ́ ń dé. Púpọ̀ nínú eruku tí ọyẹ́ ń gbé ń wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ilẹ̀ tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ sí láyé àtijọ́. Eruku yìí náà ló ń dá ọkọ̀ òfurufú dúró ní pápákọ̀.

Oru omi dà bí aṣọ ìbora lójú ọ̀run, kì í jẹ́ kí ooru ilẹ̀ tètè sá lọ lóru. Nígbà ọyẹ́, aṣọ náà ti ṣí. Ìdí rèé tí ìdájí fi ń tutù tí àgbàlagbà fi ń yáná, tí ọ̀sán ọjọ́ kan náà sì ń ta ni lára. Ó máa ń hàn ní Ṣakí àti Ìlọrin ju Èkó lọ, nítorí òkun kò jìnnà sí Èkó.

Ọ̀rinrin púpọ̀ kì í ṣe òjò. Láàárín òpin oṣù keje àti oṣù kẹjọ, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà àti ní Benin, síbẹ̀ sánmà á ṣú, afẹ́fẹ́ á tutù, á sì rin. Omi wà nínú afẹ́fẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò rí ohun tí yóò gbé e lọ sókè tó. Lára ohun tó ń fà á ni omi tútù tó ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní etíkun wọ̀nyí lásìkò náà. Níbi tó bá ti rí ọ̀nà gòkè, tí oru náà di ẹ̀kán omi, yóò tú ooru tó fi di oru sílẹ̀ padà, ooru yìí ló sì ń fún ìjì lágbára. Ìjì tó ń ṣí páànù orí ilé níbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí ìgbà òjò sábà máa ń wá láti ìlà-oòrùn, pẹ̀lú atẹ́gùn líle ṣáájú òjò.

Ìlera

Òógùn kì í tu ara nípa jíjáde; gbígbẹ rẹ̀ ló ń tu ara. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rin púpọ̀, òógùn á máa kán sílẹ̀ láìgbẹ, ooru á sì há sínú ara. Ara ọmọ ọwọ́ á sú wẹ́wẹ́ lọ́rùn àti lábẹ́ abíyá. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ méjì, Steven Sherwood àti Matthew Huber, ṣírò pé bí tẹmómítà tí a fi aṣọ tútù wé bá dé 35 °C, ara ènìyàn kò lè tu ara rẹ̀ lójú mọ́, ì báà wà lábẹ́ ibòji. Àwọn tó dán an wò ní Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2022, rí i pé ìwọ̀n náà kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: nǹkan bíi 31 °C fún ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le.

Afẹ́fẹ́ tó gbẹ jù náà ní tirẹ̀. Ó ń gbẹ inú imú, imú á máa ṣẹ̀jẹ̀, gìgísẹ̀ á là. Òrí àti àdín ni ìyá àgbà fi ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde ní láti ṣọ́ra lásìkò yìí, nítorí òtútù àti àìmu omi tó lè ta egungun rẹ̀ jí. Láti Senegal dé Ethiopia, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àrùn yírùnyírùn ń jà, títí kan àríwá Nàìjíríà; ní 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé tó fi abẹ́rẹ́ àjẹsára Men5CV, tó ń dènà oríṣi márùn-ún àrùn náà, bọ́ sí ìlò. Ibà ń tẹ̀lé òjò ní tirẹ̀: yàtọ̀ sí pé omi adágún pọ̀ fún ẹ̀fọn láti yé ẹyin sí, ẹ̀fọn ń pẹ́ láyé sí i nínú afẹ́fẹ́ tó rin, èyí tó ń fún kòkòrò ibà láyè láti dàgbà nínú rẹ̀.

Inú ilé

Omi ilẹ̀ máa ń gun ògiri búlọ́ọ̀kù bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà. Á wú ọ̀dà lára ògiri, á sì fi iyọ̀ funfun sílẹ̀ níbi tó ti gbẹ. Ó wọ́pọ̀ ní àwọn àdúgbò Èkó tí wọ́n fi iyanrìn dí irà. Kíkun ilé lẹ́ẹ̀kejì kò wo ó sàn. Ọ̀rá tí ó yẹ kí àwọn bíríkìlà tẹ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìpìlẹ̀ ni ìdènà rẹ̀. Ògiri amọ̀ àtijọ́ ní tirẹ̀ máa ń fa ọ̀rinrin mu nígbà tó bá pọ̀, á sì tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bàtà aláwọ tí a gbé sínú wọ́dúróòbù níbẹ̀rẹ̀ òjò, funfun á ti bò ó kí òjò tó dá. Káńfọ̀ tí a ń há sáàárín aṣọ òkè ń lé kòkòrò, kò lè lé ọ̀rinrin. Ẹ́síì ń lé e: omi tó ń kán láti ẹnu páìpù rẹ̀ lóde, tí àwọn kan ń gbà sínú garawa láti fi fọ ilẹ̀, inú afẹ́fẹ́ yàrá ló ti wá.

Ní Bìrìtéènì, òtútù ni olórí ìṣòro. Oru oúnjẹ, oru ilé ìwẹ̀ àti ti aṣọ tí a sá sínú yàrá ń lọ di omi lára fèrèsé àti ògiri tó tutù, dúdú á sì hù níbẹ̀. Ohun tó ń fò kúrò lára nǹkan dúdú yìí ń dá ásímà sílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí rẹ̀ ní 2009. Ní oṣù Kejìlá 2020, Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì, kú ní Rochdale nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó ń hù nínú ilé tí wọ́n ń gbé. Òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè wọlé ní 2023, ó sì mú un ní dandan fún àwọn tó ń fi ilé ìjọba àti ti ẹgbẹ́ aláàánú háyà láti tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe láàárín àkókò pàtó.

Oúnjẹ

Gààrí tó gba atẹ́gùn òjò kì í pariwo nínú abọ́ mọ́. Èlùbọ́ tí oòrùn kò ká á bu. Èyí tó léwu jù ni àgbàdo àti ẹ̀pà tí a kó pamọ́ láìgbẹ, nítorí ohun tó ń hù lára wọn lè fi májèlé aflatoxin sílẹ̀, sísè kì í sì í pa á tán. Ní 2004, àgbàdo tó rin pa ènìyàn 125 ní Kenya. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣe Aflasafe, èyí tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko láti dènà rẹ̀.

Kòkó gbọ́dọ̀ gbẹ títí omi inú rẹ̀ yóò fi wálẹ̀ sí nǹkan bíi 7% kí ó tó wọ àpò. Èyí tí wọ́n ká láàárín òjò ló ń fún àgbẹ̀ Oǹdó ní wàhálà jù, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sá a, tí wọ́n sì ń sáré kó o wọlé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í béèrè ẹ̀rọ: yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan, yóò fún un mọ́ra, yóò sì tẹ́tí sí i bóyá ó ń dún kẹ́kẹ́.