Ìkookò tí ẹ̀mí rẹ̀ kò ju 5 lọ: kí ló dé tó fi ń pa akọni nínú Dungeons & Dragons?

Ìbéèrè: Ìwé òfin Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí a ń fi dáìsì àti ìtàn ṣe, fi ìkookò (hyena) sí ìpele ewu 0. Báwo ló ṣe wá ń pa àwọn akọni wa?

Ọ̀kan ṣoṣo nìwé ń wò. Nínú ẹ̀dà karùn-ún, èyí tó jáde lọ́dún 2014, ìkookò ní ẹ̀mí 5 péré, ìyẹn iye ìpalára tó lè gbà kó tó ṣubú, ààbò ara rẹ̀, ìyẹn iye tí dáìsì ẹni tó ń kọlù ú gbọ́dọ̀ dé, jẹ́ 11, dáìsì olójú 6 kan la sì ń jù fún ìpalára eyín rẹ̀. Idà ẹ̀ẹ̀kan ti tó o. Àmọ́ ìkookò kì í dá wá. Agbára kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pack Tactics: tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ṣì lè jà bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ẹni tó fẹ́ bù jẹ, dáìsì olójú 20 méjì ni ìkookò máa jù, èyí tó ga jù ni yóò sì mú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ibi tí ìkookò ti ń rí agbára nìyẹn.

Ìbéèrè: Ṣé dáìsì kan tó lé yẹn tó nǹkan ni?

Ó tó gan-an. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìkookò ń fi 2 kún ohun tí dáìsì bá mú wá. Bó bá dojú kọ jagunjagun tí ààbò ara rẹ̀ jẹ́ 16, ìgbà 35 nínú 100 ni eyín rẹ̀ á wọlé. Dáìsì méjì á sọ ọ́ di nǹkan bí 58. Ti oṣó tí kò wọ ìhámọ́ra, tí ààbò rẹ̀ jẹ́ 12, tún burú jù: 55 á di nǹkan bí 80. Ká ní ìkookò mẹ́rin yí oṣó ìpele kìíní tó ní ẹ̀mí 8 ká, ìpalára wọn níyìípo kan á máa lé ní 11. Oṣó yẹn lè má ráyè pe ọfọ̀ kejì.

Síbẹ̀, bí a bá tẹ̀ lé ìṣirò ìwé tọdún 2014 fún olùdarí eré, ìkookò mẹ́jọ sí akọni mẹ́rin ìpele kìíní kàn jẹ́ ìjà ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Mi ò fara mọ́ ọn rárá, pàápàá tó bá jẹ́ pé pápá gbalasa ni wọ́n ti pàdé.

Ìbéèrè: Ìkookò ńlá ńkọ́?

Ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 45, ṣùgbọ́n kò ní Pack Tactics. Nínú òfin ọdún 2014, tirẹ̀ ni pé bó bá ti bu ẹnì kan jẹ débi tí ẹ̀mí onítọ̀hún fi di 0, ó lè fò mọ́ ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ẹ̀mí èṣù kọ́ ni ìkookò, nígbà tó bá àwọn gnoll, abàmì ẹ̀dá inú eré náà tó jọ ìkookò, tan?

Ìtàn yẹn ò tọ́jọ́. Nínú eré àkọ́kọ́, ti ọdún 1974, àdàlù gnome àti troll, abàmì ẹ̀dá méjì mìíràn, ni wọ́n pe gnoll. Ìwé àwọn abàmì ẹ̀dá tọdún 1977 ló fún wọn ní ìrísí ìkookò. Ẹ̀dà karùn-ún wá ní àwọn ìkookò tó jẹ nínú ẹran tí Yeenoghu, olórí ẹ̀mí èṣù kan, pa ló di gnoll. Ìkookò fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹranko. Ìwé kò ka ìwà ibi kankan sí i lọ́rùn. Ó máa ń dùn mí bí àwọn olùdarí bá sọ ọ́ di ọ̀dájú tó ń jà títí dójú ikú.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe wá yẹ kí wọ́n darí rẹ̀?

Bí ẹranko tí ebi ń pa. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, Hans Kruuk, onímọ̀ nípa ẹranko, tẹ̀ lé àwọn ìkookò ní Tàǹsáníà, ó sì fi hàn pé wọn kì í ṣe ajẹ̀kú lásán: fúnra wọn ni wọ́n ń pa ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń jẹ. Abo ló ń ṣolórí ẹgbẹ́, igbe wọn sì ń dún dé ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn olùṣeré gbọ́ igbe kan lápá ọ̀tún, kí òmíràn dá a lóhùn láti apá òsì, kó tó di pé wọ́n rí ojú kankan. Ẹni tó bá rìn jìnnà sí ẹgbẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ lé. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá sì kú, kí ìyókù sá. Oúnjẹ kan kò tó ohun tí wọ́n máa torí rẹ̀ pàdánù gbogbo ẹgbẹ́.

Ìbéèrè: Ọ̀nà àbáyọ wo ló wà fún akọni?

Ẹ wá ojú ọ̀nà tóóró tí ìkookò kan ṣoṣo lè gbà dé ọ̀dọ̀ yín, dáìsì kejì á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí oṣó yín bá sì mọ ọfọ̀ Sleep, kó tètè pè é. Nínú òfin ọdún 2014, dáìsì olójú 8 márùn-ún ni wọ́n ń jù fún un láti mọ iye ẹ̀mí tó máa mú sùn, ó sábà máa ń tó nǹkan bí 22, ìyẹn ìkookò mẹ́rin tó sùn lọ fọnfọn. Èyí tó bá sì ti sùn kò lè ran ìyókù lọ́wọ́ mọ́.