Iṣẹ́ tí òkúta ń ṣe lábẹ́ òdòdó

Ọ̀dá kọ́ ló sábà máa ń pa òdòdó orí àpáta, omi ni. Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn lórí òkè Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lẹ́yìnkùlé ní Òkè Àrẹ̀mọ, n'Ìbàdàn.

Ẹ wo Townsendia, òdòdó déésì kúkúrú tó ń hù ní àwọn òkè Rocky. Ìbátan ewúro àti yúnyun ni, bí ojú wọn ò tilẹ̀ jọra. Àwọn kan nínú wọn ń gbé níbi tó ga ju mítà 3,000 lọ, láàárín òkúta fífọ́. Ewé wọn lẹ̀ mọ́lẹ̀, ti àwọn mìíràn sì ní irun wẹ́wẹ́ lára, kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ má baà fa omi wọn gbẹ. Olú gbòǹgbò a máa wọlẹ̀ lọ wá ọ̀rinrin tó sá pamọ́ sísàlẹ̀. Òkúta ni ideri ìkòkò: kì í jẹ́ kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tètè gbẹ. Ṣùgbọ́n lókè, omi kì í dúró láàárín òkúta, nítorí náà ọrùn igi, níbi tí ewé ti pàdé gbòǹgbò, a tètè gbẹ. Ọrùn yẹn ni ìjẹrà sábà máa ń gbà wọlé.

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbin déésì yìí gan-an sí Ìbàdàn, owó ló ń dà sómi. Ọ̀pọ̀ ibi ní ìlú yìí kò ga tó mítà 300, òru rẹ̀ sì ń móoru. Nínú ooru òru, igi òtútù a máa jó oúnjẹ tó fi ọ̀sán ṣe. Èèyàn lè fi irúgbìn rẹ̀ sí fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó lè hù. Ta ni yóò wá máa gbé igi fúnra rẹ̀ sí fíríìjì lálaalẹ́?

Ọgbọ́n òkúta náà ló ṣeé yá. Pápásan olódòdó, ọ̀dúndún àti àbámọdá ń fi omi pamọ́ sínú ewé wọn, ọyẹ́ kì í dẹ́rù bà wọ́n. Oṣù kẹfà ni ìṣòro wọn, nítorí òjò Ìbàdàn máa ń tó nǹkan bíi mìlímítà 1,200 lọ́dún, oṣù díẹ̀ ló sì ń rọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gbẹ́ kòtò sínú amọ̀, kí wọ́n da òkúta sísàlẹ̀, kí wọ́n sì kó ilẹ̀ dúdú lé e. Kòtò náà á di àgbá omi. Òkúta ìsàlẹ̀ kò lè fa omi bí wọ́n ṣe rò: ilẹ̀ kíkúnná ń di omi mú bíi fóòmù tó bọ́ sómi, kò sì ní jọ̀wọ́ rẹ̀ fún òkúta àfi tó bá mu ún yó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìkòkò òdòdó.

Ebè gíga ló yẹ, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà kan, kó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Yanrìn oníkóóró ìdá méjì, ilẹ̀ ìdá kan. Ajílẹ̀ díẹ̀ báyìí, torí àjẹyó a máa sọ igi di ọ̀bọ̀rọ́ tó ń tètè jẹrà. Kí wọ́n ri òkúta ńlá mọ́lẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, kó má baà yí. Lẹ́yìn náà ni òkúta wẹ́wẹ́ yí ọrùn igi ká, kó nípọn tó ìka méjì. Tí wọ́n bá da korobá omi kan sí i, tí omi ṣì ń dán lójú ilẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, yanrìn kò tíì tó.

Ní àárọ̀ ọyẹ́, ẹ ṣí ọ̀kan nínú òkúta ńlá náà: ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tutù lọ́wọ́, gbòǹgbò funfun tín-ín-rín sì ti rá lọ síbẹ̀. Ewé àbámọdá tó já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ń yọ ọmọ létí.