Tábà Latakia: Òórùn Rẹ̀ Ló Le, Agbára Rẹ̀ Kò Tó Bẹ́ẹ̀

Ẹ ṣí agolo tábà ìkòkò (èyí tí wọ́n ń fi páìpù fà) tí ewé Latakia pọ̀ nínú rẹ̀, èéfín ni imú yín máa kọ́kọ́ gbọ́. Ó ń rùn bí ẹja yíyan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Òórùn yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá, wọ́n ní tábà tó bá ń rùn báyìí yóò gbé àwọn ṣubú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nikotíìnì, èròjà tó ń fún tábà lágbára, kéré nínú Latakia, ó kéré ju ti ọ̀pọ̀ ewé tí wọ́n ń dà á pọ̀ mọ́ lọ.

Latakia jẹ́ ìlú èbúté ní Síríà, ibẹ̀ ni ewé náà ti gba orúkọ. Lóde òní, ti Síríà ti di àwátì, erékùṣù Kípírù ni èyí tó wà lọ́jà ti ń wá. Wọ́n á kọ́kọ́ sá ewé náà sóòrùn kó gbẹ, wọ́n á so ó rọ̀ sínú ilé tí wọ́n tì pa, wọ́n á wá máa dáná sísàlẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Igi páìnì, mastic, myrtle àti àwọn igi olóòórùn mìíràn ni wọ́n ń kó sí iná náà. Wọn kì í jẹ́ kó jó lálá, èéfín ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá fi máa parí, ewé tó wọlé ní pupa rúsúrúsú ti di dúdú.

A kì í sábà fa Latakia nìkan, nítorí adùn kan ṣoṣo ló ní. Bí ẹ bá rí agolo gíráàmù 50 tó le dáadáa, àpòpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn irú ewé tábà mìíràn lè jẹ́ gíráàmù 20 Latakia, 15 Virginia, 12 Oriental, kí ìyókù jẹ́ Perique, ewé ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ inú àgbá títí yóò fi kan. Virginia ló ní ṣúgà, òun ló ń mú adùn wá, òun náà ló sì ń ta ahọ́n. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ wo ara agolo bóyá ewé Kentucky tàbí Burley wà níbẹ̀, àwọn ni wọ́n lágbára. Ní tèmi, tí Latakia bá ti kọjá ìdajì, èéfín lásán lẹ ń fà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni omi ara tábà. Láti inú agolo, ó sábà máa ń tutù jù. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún díẹ̀, kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Bó bá dì pọ̀ gbìn-ìn, ó tutù jù; bó bá rún di ìyẹ̀fun, ó ti gbẹ jù. Èyí tó dára yóò rọra tú ká fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ìwọ̀n gíráàmù méjì sórí pépà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà ọyẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè tó. Nígbà òjò ní Èkó, ó lè gba wákàtí kan. Tábà tútù a máa di ooru omi gbígbóná lẹ́nu, ìyẹn gan-an ló ń bó ahọ́n, ẹ má di ẹ̀bi rẹ̀ ru Latakia.

Ẹ jẹ́ kó já bọ́ sínú ìkòkò títí dé ẹnu, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì. Ẹ tún kún un, ẹ tẹ̀ ẹ́ le díẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó ṣẹ́ku díẹ̀ kó dé etí. Ẹ fà á wò kí ẹ tó ṣáná: bí atẹ́gùn kò bá wọlé dáadáa, ẹ tú gbogbo rẹ̀ dànù kí ẹ tún un kì. Kò sí àtúnṣe mìíràn.

Bí ẹ bá ṣáná sí i, ẹ fi iná náà yí orí tábà ká. Yóò wú sókè, yóò sì kú. Ẹ fi nǹkan pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, kí ẹ wá tan án lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má gbé e mì. Bí ìkòkò bá gbóná débi tí ẹ kò lè fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ gbé e kalẹ̀. Bó bá ń dún pọ̀rọ̀pọ̀rọ̀, omi ló kó sínú ọ̀pá. Ẹ ti irin onírun tín-ín-rín gba ẹnu rẹ̀ wọlé, ẹ má yọ ọ̀pá náà nígbà tó ṣì gbóná, ó lè sán.

Àìgbémì kò ní kí tábà má pani lára: èéfín ìkòkò ń fa jẹjẹrẹ ẹnu àti ọ̀fun, nikotíìnì sì ń gba ara ẹnu wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò fà á rí kò nídìí láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ya ìkòkò kan sọ́tọ̀ fún Latakia, torí òórùn rẹ̀ kì í tètè kúrò lára briar, igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìkòkò, Virginia tí ẹ bá fi fà lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa rùn èéfín. Ìkòkò tí wọ́n fi ṣùkù àgbàdo ṣe ní Missouri dára fún èyí, kò wọ́n. Bó bá jẹ́ briar ni, ẹ jẹ́ kó sinmi ọjọ́ kan tàbí méjì kó gbẹ, kí ẹ sì máa ha èédú inú rẹ̀ kó má ju mìlímítà kan ààbọ̀ lọ. Bó bá nípọn jù, ooru lè mú kó la ìkòkò.

Agolo tí ẹ ti ṣí, ẹ dà á sínú ìgò onídèérí tó dé pinpin. Ọ̀rá kò tó. Virginia ń dùn sí i bó ṣe ń pẹ́, ṣùgbọ́n èéfín Latakia ń rọ̀ lọ́dọọdún, nítorí náà bó bá jẹ́ èéfín lẹ fẹ́, ẹ má tọ́jú agolo pa mọ́ fún ọdún mẹ́wàá.