Ilé Àgùdà tí ẹ fẹ́ wó: ẹ yẹ ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀ wò ná

Ìbéèrè tí àwọn ẹbí ń gbé wá bá mi jù ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) ni pé: "Ilé bàbá wa ti ń wó lọ, ṣé kí a kúkú wó o, kí a kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun síbẹ̀?" Kí n tó dáhùn, ẹsẹ̀ ògiri ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ wò.

Púpọ̀ nínú àwọn ilé tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ sí ìlú yìí, àti èyí tí àwọn oníṣòwò wa kọ́ tẹ̀ lé tiwọn, amọ̀ pupa ni ògiri wọn. Amọ̀ máa ń fa omi láti inú ilẹ̀ wá sókè. Kò séwu nínú ìyẹn, bí omi náà bá rọ́nà jáde. Ẹfun ìkọ́lé (èyí tí wọ́n ń pè ní chaux ní Faransé) tí àwọn àgbà pò mọ́ iyanrìn fi rẹ́ ògiri kì í dí i lọ́nà. Oòrùn á ràn, ògiri á gbẹ. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ rówó, wọ́n pe bíríkìlà, ó fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo rẹ̀. Omi ò ríbi gbà mọ́, ó wá ń mú amọ̀ rọ̀ láti inú.

Ẹ fi ìka kan ògiri náà níbi tó ga tó orúnkún. Bí ó bá dún bí igbá òfìfo, sìmẹ́ńtì ti ya kúrò lára amọ̀ nìyẹn. Ẹ ó rí ojú omi tó lọ gbọọrọ lára rẹ̀, pẹ̀lú ìyẹ̀fun funfun kan: iyọ̀ inú ilẹ̀ ni. Bí ẹ bá ṣí sìmẹ́ńtì náà díẹ̀, amọ̀ á máa dà sí yín lọ́wọ́. Èyí ni gbogbo ẹbí ń pè ní ogbó. Kì í ṣe ogbó rárá, omi ni. Ó sì máa ń le sí i níbi tí wọ́n bá ti kún títì tó ga ju ẹnu ọ̀nà lọ, tí àgbàrá wá ń wọlé.

Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, torí ògiri tí òjò ń rọ̀ sí lórí kò ní gbẹ láéláé. Lẹ́yìn náà, ẹ la ojú àgbàrá kúrò ní ẹsẹ̀ ilé. Ìgbà náà ni kí ẹ tó yọ sìmẹ́ńtì, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ dáadáa, kí ẹ fi amọ̀ irú tirẹ̀ dí ibi tó ti jẹ, kí ẹ sì fi ẹfun rẹ́ ẹ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú yín. Àmọ́ bí igun ilé bá ti là láti òkè délẹ̀, tí ògiri sì ti fì síta, ẹ kó jáde kí onímọ̀ wá wò ó.

Ilé tí kò níṣẹ́ mọ́ náà kì í pẹ́ wó, àmọ́ a lè fún un níṣẹ́ mìíràn. Ní Berlin, ilé ìpọntí Schultheiss kan dáwọ́ ọtí pípọn dúró ní 1967. Wọ́n fi òfin dáàbò bò ó ní 1974. Lónìí, Kulturbrauerei ni wọ́n ń pè é, sinimá àti tíátà ló wà nínú àwọn ògiri àtijọ́ náà. Kò yẹ kí ìyẹn yà wá lẹ́nu, nígbà tí ààfin Honmè àti ilé da Silva di mùsíọ́mù níbí.

Láti 1996 ni àwọn àdúgbò àtijọ́ Àjàṣẹ́ ti wà lára ohun tí Benin ń dábàá fún UNESCO pé kí wọ́n kà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé. Ìyẹn nìkan ò lè dá kàtàpílà dúró. Òfin ohun àjogúnbá ti 2021 fàyè gba kí ìjọba kọ orúkọ ilé sílẹ̀ fún ààbò. Ẹ lọ béèrè ní mérì (ọ́fíìsì ìjọba ìlú) ibi tí tiyín dé. Ìjà ẹbí ló ń da èyí rú jù. Ọmọ kan ṣoṣo ni olùrà máa ń bá sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, àwọn yòókù á sì gbọ́ nígbà tí òrùlé bá ti ṣí. Ẹ kọ ìwé kan nísinsìnyí, kí gbogbo ajogún fọwọ́ sí i, pé ẹnìkan kò ní ta ilé tàbí wó o láìjẹ́ pé gbogbo yín jókòó. Ẹ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn, fèrèsé àti iṣẹ́ ọnà ojú ilé, kí ẹ sì wọn gbogbo rẹ̀. École du Patrimoine Africain, ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn ènìyàn níṣẹ́ títọ́jú ohun àjogúnbá láti 1998, wà ní Àjàṣẹ́ níbí. Ẹ gbé àwọn fọ́tò náà lọ bá wọn kí òjò oṣù Kẹrin tó dé.