Ta ló fọwọ́ kan iná tó gbóná ju oòrùn lọ?

Ìròyìn kan ń kiri lórí WhatsApp láàárín àwa ará Adó-Èkìtì: wọ́n ní ní CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì ńlá kan lẹ́bàá Geneva ní Switzerland, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì dá iná tó gbóná ju àárín oòrùn lọ ní ìlọ́po 100,000. Ọ̀pọ̀ ló rú lójú. Ìdáhùn wa rèé.

Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni.

Kí ni wọ́n fi dá a?

Kóró àárín átọ́ọ̀mù òjé ni wọ́n ń jù lu ara wọn, nínú ihò roboto abẹ́ ilẹ̀ tí àyíká rẹ̀ tó kìlómítà 27.

Ẹ̀rọ wo ni wọ́n fi wọn irú ìgbóná bẹ́ẹ̀ tí kò yọ́?

Kò sí ẹ̀rọ tó kàn án. Iná náà ti kú kí ojú tó ṣẹ́. Ìṣirò ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ẹ wo omi gbígbóná Ìkógòsì: àwọn èérún tíntìntín inú rẹ̀ kì í sá eré kan náà. Púpọ̀ ń rọra lọ, díẹ̀ ń sáré burúkú, bí omi bá sì ṣe gbóná sí ni àwọn tó ń sáré á ṣe pọ̀ sí. Ẹni tó bá lè ka eré gbogbo wọn á mọ ìgbóná omi náà láì tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka eré ohun tí ojú kò rí?

Momentum ni wọ́n ń kà, ìyẹn ìwúwo nǹkan àti eré rẹ̀ pa pọ̀. Níbi ALICE, ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí CERN, èérún tó bá fò jáde á gba inú gáàsì kọjá, á sì fi ipasẹ̀ sílẹ̀. Mágnẹ́ẹ̀tì ńlá á máa tẹ ọ̀nà rẹ̀. Èyí tí momentum rẹ̀ kéré á ká kọ́rọ́kọ́rọ́. Èyí tí tirẹ̀ pọ̀ á lọ gbọọrọ. Momentum tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ṣe pàtàkì jù: kí kóró òjé méjèèjì tó pàdé, ara wọn ni wọ́n dojú kọ tààrà, nítorí náà ohun tó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, inú ìkọlù yẹn ló ti wá. Ìkọlù ẹyọ kan lè tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èérún jáde.

Fọ́múlà wo ni wọ́n ń lò?

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Ti Boltzmann, onímọ̀ físíìsì àtijọ́ kan, ló pẹ́ jù: bí momentum bá ṣe ń pọ̀ sí, iye èérún á máa já wálẹ̀ kíákíá. Níbi tí momentum ti kéré, ó ń bá a mu. Níbi tí momentum ti pọ̀, èérún pọ̀ ju ohun tí Boltzmann gbà lọ, torí pé àwọn kan kò ti inú ìgbóná wá rárá: quark (èérún tíntìntín tó wà nínú kóró átọ́ọ̀mù) ló kọlu quark, tó sì ta jáde. Ní 1988, onímọ̀ físíìsì Constantino Tsallis gbé fọ́múlà kan jáde tó ní nọ́ńbà kan sí i, q. Bí q bá jẹ́ 1, a ti padà sọ́dọ̀ Boltzmann nìyẹn. Nínú irú ìkọlù báyìí, q sábà máa ń fi díẹ̀ ju 1 lọ, fọ́múlà náà sì ń bá òǹkà mu dáadáa. Àmọ́ pé ó bá òǹkà mu kò tíì sọ ìdí rẹ̀ fún wa, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tí q jẹ́ gan-an.

Ewu mìíràn wà. Ohun gbígbóná yẹn ń fẹ̀, ó sì ń ti èérún síta bó ṣe ń fẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé títì yẹn á kà á mọ́ ìgbóná. Nítorí náà, bí ẹ bá rí nọ́ńbà ìgbóná kan, ẹ bèèrè fọ́múlà tí wọ́n fi rí i.

Ṣé kò ní jó wa?

Rárá. Kóró átọ́ọ̀mù méjì péré ni. Èérún tó ń ti ojú sánmà wá, tí agbára àwọn kan nínú wọn ju èyí lọ, ti ń kọlu afẹ́fẹ́ ayé láti àìmọye ọdún.

Ṣé àwọn ọmọ wa lè rí nǹkan ṣe sí i?

Bẹ́ẹ̀ ni. CERN kó ọ̀pọ̀ nínú òǹkà wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Olùkọ́ físíìsì ní Ìkẹ́rẹ́ tó ní kọ̀ǹpútà kan àti dátà lè jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fúnra wọn ya ìlà momentum náà, kí wọ́n sì wo ibi tí ti Boltzmann ti kúrò lójú ọ̀nà.